Jímì Ṣólàńkẹ́: Olórin ni, òṣèré ni, apàlọ́ sì ni

Ẹni tó bá ti ná ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àti sídiì ṣì lọ́jà yóò rántí pé inú ìsọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń ta orin àti fíìmù, oníbàárà kan náà ló sì ń ra méjèèjì. Ní Ọ̀jọ́ yìí kan náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà, níbi tí eré orí ìtàgé àti orin ti jọ wà lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí ọmọ kan bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ lónìí pé òun fẹ́ máa kọrin, òun sì tún fẹ́ máa ṣeré, wọn yóò ní kó mú ọ̀kan, kó fi ọ̀kan sílẹ̀.

Bàbá kan wà tí kò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Olóògbé Jímì Ṣólàńkẹ́ ni, ọmọ bíbí Ìpàrá-Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọdún 1942 ni wọ́n bí wọn.

Lókè òkun, ohun ìyanu ni wọ́n máa ń ka irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tí Meat Loaf, olórin rọ́ọ̀kì ọmọ Amẹ́ríkà, kú ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ohun tí àwọn oníròyìn ń tẹnu mọ́ ni pé ó ń kọrin bí ẹni ń ṣeré, ó sì tún ń ṣe fíìmù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí kì í ṣe tuntun. Àwọn alárìnjó ayé àtijọ́ ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń ṣeré lójú agbo kan náà. Nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, orúkọ tó sọ ọ́ ni African Music Research Party. Ẹgbẹ́ òṣèré ni, àmọ́ orin ló wà nínú orúkọ rẹ̀.

Ojú ọ̀nà yìí ni Bàbá Ṣólàńkẹ́ tọ̀. Nígbà tí háíláìfù gbòde, àwọn ni wọ́n kọ orin Onílé Gogoro tí Roy Chicago fi gbajúmọ̀. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ eré ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì wà lára àwọn tó bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣeré nínú ẹgbẹ́ Òrìsun. Nígbà tó yá, wọ́n kọjá sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣe nínú àwọn eré Ọlá Rótìmí.

Ní ọdún 1976, nígbà tí Ṣóyínká kọ́kọ́ gbé Death and the King's Horseman sórí ìtàgé ní Ifẹ̀, Bàbá Ṣólàńkẹ́ ni wọ́n fi ṣe Ẹlẹ́ṣin Ọba. Ìtàn ìlú Ọ̀yọ́ ni, òun náà ni Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣe Ọba Wàjà ṣáájú. Ọba wàjà, Ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ bá a lọ, àmọ́ ìjọba òyìnbó dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá máa ṣe Ẹlẹ́ṣin yóò jó, yóò dá orin, yóò máa fèsì fún akéwì ọba títí ara yóò fi fúyẹ́ bí ti ẹni tó ti ń lọ. Olórin tí kò mọ eré ṣe kò lè ṣe é. Òṣèré tí kò lóhùn náà kò lè ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Los Angeles, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ The Africa Review sílẹ̀, wọ́n ń pa ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbá jókòó síbẹ̀ di ọjọ́ alẹ́. Bàbá padà sílé ní 1986.

Iṣẹ́ tí àwọn òbí òde òní sì fi mọ̀ wọ́n jù lọ ni ètò Storyland lórí tẹlifíṣọ̀n NTA. Ní àkókò tí àlọ́ ojú òṣùpá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìgboro, Bàbá kó àwọn ọmọdé jọ, wọ́n sì ń pàlọ́ fún wọn tilùtilù torintorin.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé àlọ́ kò lè dúró láìsí orin. Ẹ wo àlọ́ Ìjàpá tó jẹ aṣèjẹ tí babaláwo ṣe fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ kó lè lóyún. Bí ikùn Ìjàpá ti wú tán, kò sọ̀rọ̀ lásán, orin ló fi bẹ babaláwo. Apàlọ́ gbọ́dọ̀ wú ikùn bí Ìjàpá, kó lé orin, kí àwọn ọmọ sì gbè é. Olórin àti òṣèré ni lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Storyland. Nígbà tí ìròyìn kàn pé Bàbá Ṣólàńkẹ́ jáde láyé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì, ọdún 2024, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, mo ní kí ìyá mi pa àlọ́ kan fún mi. Wọ́n rántí ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó kan orin, wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní ó ti lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí nìyẹn. Ìtàn wà nínú ìwé, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò rí i. Ohùn orin kì í sí nínú ìwé. Ẹnu ni wọ́n ti ń gbà á, bí ẹnu náà bá sì ti pa dé, ó parí nìyẹn.

Ní Ìbà, ní Okokomaikò àti ní àwọn abúlé Àwórì gbogbo, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń di fóònù mú lálẹ́ báyìí. A kò lè ní kí gbogbo wọn sọ ọ́ nù. Àmọ́ ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ṣì rántí àwọn orin àlọ́ wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ kan sọ́dọ̀ lálẹ́ òní. Ẹ pa àlọ́ kan fún un, ẹ má sì fo orin inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbè é títí yóò fi mọ̀ ọ́n.