Bí wọ́n ṣe yanjú ìjà orin ní “It's a Small World”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lọ sóde àríyá tí olórin méjì ti ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ariwo lásán ni.

Ohun tójú Walt Disney rí nìyẹn nígbà tó ń múra “It's a Small World” sílẹ̀ fún ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1964 ní New York. Inú ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa jókòó sí, táá máa kọjá láàárín àwọn ọmọláńgidi tó ń kọrin. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kí ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa kọ orin ìlú tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò, orin ọ̀kan ń wọnú èkejì, etí ò gbà á.

Disney bá ké sí Robert àti Richard Sherman, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń kọrin fún iléeṣẹ́ ẹ̀. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, àmọ́ wọ́n ṣe é lọ́nà pé èèyàn lè kọ ẹsẹ àti ègbè rẹ̀ pa pọ̀ láìforí gbárí. Ibẹ̀ lọgbọ́n wà o! Èdè yòówù kí wọ́n fi kọ ọ́, tó bá ṣáà ti ń lọ pọ̀, ohùn tó bá jò wá láti iwájú á kàn dà bí ẹni tó ń gberin ni.

Lọ́dún 1966, ó dé Disneyland ní California, ibẹ̀ ló ṣì wà. Àwọn kan ní orin ọ̀hún kì í kúrò létí bọ̀rọ̀, ìyẹn tún dẹjọ́ mìíràn.