Nígbà tí Ọtí bá Di Baálé Ilé

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ bí a ti ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ọkọ ránṣẹ́ pé kí ló dé tí kò wá síbi iṣẹ́, ẹ fèsì pé ibà ni. Ìyá ọkọ béèrè owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ẹ ní ẹ ti san án, bẹ́ẹ̀ ilé ọlọ́tí ni owó náà sùn. Ẹ rò pé àṣírí ọkọ yín ni ẹ ń bò. Ní òtítọ́, ọtí ni ẹ ń dáàbò bò.

Ọtí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. A ń gbé ẹmu lọ síbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ń mu ọtí àti ẹni tí ọtí ń mu. Bí baálé yín bá ń mu páráàgà ní kùtùkùtù kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n, bí ó bá ti ṣèlérí títí tí kò lè mú un ṣẹ, ó ti di bárakú. Àìsàn ni bárakú. Ariwo kì í wò ó, ẹkún kì í wò ó.

Kí wá ni ṣíṣe? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bill Wilson, tí ọtí ti fi ojú rẹ̀ rí màbo, pàdé dókítà kan, Robert Smith, tí òun náà wà nínú ìdè kan náà. Wọ́n rí i pé bí ẹni tí ọtí ti dè bá jókòó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sọ òótọ́ fún ara wọn, ó ń ṣiṣẹ́ ju ìwàásù lọ. Báyìí ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí a ń pè ní AA, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ti tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 100 lọ, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àrùn tí ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Wọn kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ènìyàn fẹ́ jáwọ́. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń pe ara wọn, ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni a ń fi í sí. Ìpàdé kan wà tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí; òmíràn wà fún àwọn tí ọtí dè nìkan. Ẹ béèrè èyí tí ó jẹ́ kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀yin ìyàwó náà ní ti yín. Ní ọdún 1951, Lois, aya Bill Wilson, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dá Al-Anon sílẹ̀ fún ẹbí àwọn tí ń mu ọtí. Wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ pé kì í ṣe ìyàwó ni ó fa àìsàn náà, kò sì sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti wò ó. Nítorí náà, ẹ kò ní láti dúró de ọkọ yín kí ẹ tó wá ìrànlọ́wọ́ fún ara yín.

Níbo ni a ti ń wá ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1954. Kì í ṣe fún àwọn tí orí wọn dàrú nìkan. Wọ́n ń tọ́jú bárakú níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Yábà ní Èkó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí ìmáàmù pẹ̀lú. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ nítòsí, AA ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sá fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba owó ńlá, tàbí tí ó fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn.

Ẹ kíyè sí èyí o: ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, wárápá lè gbé e, ó sì lè kú. Ẹgbẹ́ kò lè rọ́pò dókítà. Ẹ wá àwọn méjèèjì.

Ẹ má ṣe bá a sọ ọ́ nígbà tí ọtí wà lójú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ara bá balẹ̀, ẹ sọ pé: “Bàbá Ìyábọ̀, mo ti rí ibi tí a lè béèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ.” Bí ó bá ń lù yín, ẹ kọ́kọ́ gbé ara yín àti àwọn ọmọ lọ síbi ààbò.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ọtí dè, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró, pàápàá bí ẹ bá lóyún, nítorí ọtí ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Ilẹ̀kùn kan náà ni ó ṣí sílẹ̀ fún yín.

Ẹ béèrè ní ibì kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ yìí. Abéèrè kì í ṣìnà.