Ẹ béèrè ohun tọ́mọ yín máa kọ́ nípa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó sanwó yunifásítì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ló gbà pé táwọn bá ti rán ọmọ lọ sí yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, wàhálà àkọsílẹ̀ ọjà ti tán nìyẹn. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún kìíní, ọmọ náà á délé, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, ìṣirò ló máa ń sọ ṣáá. Ìyá á bínú, ọmọ náà á bínú. Ohun tó sì fà á ni pé wọn ò béèrè kówó tó jáde.

Lílo kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Èyí tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì ni bí èèyàn ṣe lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Ìdí nìyẹn tí JAMB fi ń béèrè ìṣirò àti físíìsì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wọ Computer Science.

Lọ́dún 2022 ni àjọ NUC, tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde. Ìdá 70 nínú 100 ẹ̀kọ́ náà ló ti ọ̀dọ̀ àjọ yìí wá, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló máa fi ìdá 30 tó kù kún un. Nínú ìlànà yìí, COS 101 ni ìpìlẹ̀: ibi tí kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìwúlò íntánẹ́ẹ̀tì. COS 102 ló tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ béèyàn ṣe ń to iṣẹ́ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń sọ fún ọmọṣẹ́ tuntun pé: “Tí páálí ọṣẹ bá ti ku márùn-ún, kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá ṣì ju bẹ́ẹ̀ lọ, máa tà á lọ.” MTH 101 àti MTH 102, tí í ṣe ìṣirò, tún wà níbẹ̀. Ó di ọdún kejì, nínú COS 201, kí wọ́n tó wọnú kíkọ púrógíráàmù gan-an.

Ẹ̀ka tún pọ̀. Software Engineering dá lórí ṣíṣe púrógíráàmù táwọn èèyàn máa lò, Cybersecurity wà fún dídáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn olè, Information Systems sì sún mọ́ ọ̀rọ̀ okòwò jù. Ẹ béèrè èyí tí yunifásítì náà ní, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ọmọ lè yí ẹ̀ka padà lẹ́yìn ọdún kìíní.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò láìnáwó púpọ̀. Yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà gbé ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, CS50, tí David Malan ń kọ́ni, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Owó dátà nìkan lẹ máa san, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí edX. Scratch, tó rọrùn fún ọmọdé pàápàá, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó bọ́ sórí C, Python àti SQL. Kí ọmọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é kó tó wọlé. Bó bá gbádùn ẹ̀, ẹ sanwó. Bó bá sú u, ẹ tún èrò pa.

Tó bá sì jẹ́ àkọsílẹ̀ ọjà nìkan lẹ ń wá, ẹ rán ọmọṣẹ́ yín lọ kọ́ Excel fún oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ládùúgbò. Ìyẹn ò gba ọdún mẹ́rin. Abéèrè kì í ṣìnà.