Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ àti ẹni tó nilẹ̀

Àgbẹ̀ kan ti ń dáko lórí ilẹ̀ láti ayé bàbá rẹ̀. Ó kọ́ ahéré síbẹ̀, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, olóko ni gbogbo ayé sì ń pè é. Síbẹ̀, bí ọdún bá yí po, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí tó fún bàbá rẹ̀ nílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ yẹn ju owó lọ: òun ló ń jẹ́rìí pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀, pípẹ́ kò sọ ọ́ di onílẹ̀. Bó bá wá sẹ́ ẹbí náà, tó ní òun lòun ni ín, ilé ẹjọ́ lè gba ilẹ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ẹbí onílẹ̀ pàápàá, olórí ẹbí ló ń bójú tó ilẹ̀, òun ló ń pín in, àmọ́ kò lè tà á bí ẹni ta ẹ̀wù ara rẹ̀. Bó bá dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n ní owó gbà-má-bínú tó tọ́ sí olóyè náà kò ju ti alábòójútó lọ, bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò ní ẹni tó ni ín. Ó gbéra ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ga jù nígbà náà, dájọ́ pé ará ìlú ló nilẹ̀, olóyè ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni, iye tó tọ́ sí onílẹ̀ gan-an ni kí ìjọba san. Ẹjọ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀ ọ́n.

Láti 1978, òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí à ń fowó ńlá gbà, ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀ fún iye ọdún kan ni. Ọdún 99 ló wọ́pọ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ń wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀: nídìí òrìṣà, ènìyàn gan-an ló ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Bí Ṣàngó bá gun elégùn, Ṣàngó là ń kí, títí tí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ní Bàhíà, ní Brazil.

Ti ẹrù olè ló le jù, torí pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ló ń ta koni níbẹ̀. Bí wọ́n bá ká fóònù mọ́ ọ lọ́wọ́ kété tí wọ́n jí i, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba adájọ́ láàyè láti gbà pé ìwọ lo jí i, tàbí pé o mọ̀ pé ẹrù olè ni, àfi bí o bá lè ṣàlàyé bó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gba rìsíìtì tó ní orúkọ ẹni tó tà á fún yín.