Bọ́lájí Ìdòwú àti orúkọ tí à ń pe Ọlọ́run

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ṣé ẹ rántí ìbéèrè tí mo máa ń bi yín: ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún Yorùbá? Àwọn kan á ní òyìnbó ajíhìnrere ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìkòròdú ni wọ́n ti bí i ní 1913. Ó di àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962, ó ní Olódùmarè kan ṣoṣo ló ga jù, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn òrìṣà. Ìyẹn ni pé a ti mọ Ọlọ́run kí Bíbélì tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ méjèèjì. Ọlọ́run ò le: oní àti ọ̀run ló so pọ̀. Olódùmarè ló le. A lè rí oní àti odù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ti “marè”? Ìdòwú yẹ àlàyé tó ju ẹyọ kan lọ wò.

Àwọn kan takò ó. Okot p'Bitek, ọmọ Uganda, ní ṣe ni irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi aṣọ Gíríìkì wọ òrìṣà Áfíríkà. Òtítọ́ wà níbẹ̀ o: ẹnu àwọn àgbà wa ò kò tó bí ìwé náà ṣe mú un kò.

Ní 1965 ó tún kọ̀wé pé kí ìjọ Ọlọ́run ní Nàìjíríà yéé fi àṣà àyálò jọ́sìn. Èyí kan àwa onímọ̀ èdè gan-an. Ẹ̀ṣẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni. Bí orin òyìnbó bá gbé ìparí rẹ̀ sókè, ó di ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì wá ń kọrin ìkúùkù!

Nígbà tó di olórí Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà, oyè Pátíríákì wọlé ní 1976, ìjọ sì pín sí méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ní ká lo tilé, oyè tó ti èdè Gíríìkì wá ló jẹ. Èèyàn ṣá ni.

Ó kú ní 1993, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì parí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ fetí sí orin tí ẹ ń kọ: ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ lẹ ń sọ?