Onílé ojú ọ̀nà: àwọn tó ń gba arìnnà Mẹ́kà sílé

Bí àsìkò Hájì bá ti parí, ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń rò kì í yàtọ̀: ibùsùn há jù, oúnjẹ pẹ́ kó tó dé, ẹni tó yẹ kó gbẹnu sọ fún wọn kò sí nítòsí. Kí bàálù tó dé, ọrùn ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Onílé ni.

Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ onílé dáadáa. Ọ̀nà tó ti Ìbíní bọ̀ gba Ifọ̀n wọ Ọ̀wọ̀, ó forí lé Àkókó, ó sì jáde sí Òkènè àti Lọ́kọ́ja. Láyé ogun Kírìjí, láti 1877 sí 1893, oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá kì í dá rìn nítorí ajínigbé. Ńṣe ni wọ́n ń kó ara wọn jọ, tí èrò ń wọ́ lọ. Bí èrò bá wọ̀lú, oníbodè á gba tirẹ̀, oníkálukú á sì wá onílé rẹ̀ lọ. Onílé ló ń fún un ní yàrá, ló ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀, ló ń sọ fún un bí ọjà ṣe ń lọ. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: bó bá jẹ gbèsè tàbí tó dá ìjà sílẹ̀, onílé ni ìlú á ránṣẹ́ pè.

Ètò yìí náà ni onímọ̀ àwùjọ ẹ̀dá, Abner Cohen, bá ní Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá ní Ìbàdàn, tó sì gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1969. Mégídà, bí Haúsá ṣe ń pe onílé, ní yàrá fún ará òkè Ọya tó kó ẹrù wá, ó ń bá a wá oníbàárà, ó sì ń dúró fún un bí owó bá di àwìn. Ọ̀wọ̀ náà ní Sábó tirẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ló gbé ọ̀nà Mẹ́kà ró. Láti Kano, arìnnà á lọ sí Maiduguri, á la ilẹ̀ Chad já dé Abéché, á bọ́ sí Geneina àti El Fasher ní Sudan, á gba El Obeid dé Khartoum, kó tó dé Suakin létí Òkun Pupa, níbi tó ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Jeddah. Ó ju 3,000 kìlómítà lọ, ọ̀pọ̀ sì lo ọdún púpọ̀ lójú ọ̀nà. Al-Kùránì ka arìnrìn-àjò mọ́ irú ènìyàn 8 tí sàká tọ́ sí, nítorí náà, ojú ẹ̀sìn ni onílé fi ń wo omi àti ẹní tó bá kọ́kọ́ gbé kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìsinmi, iṣẹ́ ló kàn. Bí àlejò bá jẹ́ ààfáà, àwọn ọmọ àdúgbò á kó wàláà wá bá a, aláìsàn á wá gba hàǹtú, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Àwọn obìnrin a máa ta ẹ̀pà àti oúnjẹ lọ́jà. Àwọn ọkùnrin a máa pọnmi tà, wọ́n a máa ru ẹrù. Nígbà tí ìsédò Sennar ní Sudan parí lọ́dún 1925, oko òwú Gezira gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn síṣẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pé á tẹ̀síwájú. Ẹlòmíràn a fẹ́yàwó, a bímọ, a sì di onílé fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Báyìí ni àdúgbò àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Takarir, ṣe kún ìlú Sudan.

Gbogbo onílé kọ́ ló ṣeé fẹ̀yìn tì. Àwọn kan jẹ owó iṣẹ́ àlejò mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn arìnnà mìíràn sì di ẹrú lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lọ fi ń béèrè orúkọ onílé rere lọ́wọ́ ẹni tó ti dé.

Ọ̀nà Mẹ́kà nìkan kọ́ ló ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní Spain, ọ̀nà Santiago tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń gbà lọ jọ́sìn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rírìn: lọ́dún 2024, ènìyàn tó ju 490,000 lọ ló gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn dé ibẹ̀. Nínú àwọn ilé ibùsùn kan, olùyọ̀ǹda ló ń gbàlẹ̀ tó ń se ọbẹ̀, àlejò á sì ju ohun tó bá ní sínú àpótí. Òru kan ni wọ́n sábà máa ń lò. Ti ọ̀nà Mẹ́kà jinlẹ̀ jùyẹn lọ, torí pé àlejò lè ṣe ọmọ ilé fún ọdún kan gbáko.

Bàálù ló sọ ìrìn ọdún di ti wákàtí, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ló sì wá jókòó sípò onílé. Lọ́dún 1958, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ìgbìmọ̀ arìnrìn-àjò Mùsùlùmí sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ tó wà lónìí, NAHCON, fìdí múlẹ̀ nípa òfin ọdún 2006. Ibùsùn, oúnjẹ àti ẹni tó ń gbẹnu sọni ti di ohun tí à ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó gbéra.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí owó kò rọ́pò. Onílé ayé àtijọ́ ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró: ìlú mọ ilé tí àlejò wọ̀, àlejò sì mọ ẹnu ọ̀nà tó máa kàn bí ìyà bá jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ san owó Hájì lónìí, kó béèrè orúkọ ẹni tó máa dúró fún un ní Mẹ́kà, kó sì gbà á sọ́wọ́ kó tó sanwó.