Táyà Tí Ẹ Fẹ́ Fi Wálé Ọdún

Bó bá ti ku ọ̀la kí iléyá kò, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Owódé, nílùú Ìlaró, kì í gba ẹsẹ̀. Iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe. Àwọn ará Èkó ń wọlé, àwọn awakọ̀ Ayétòrò ń kọjá, àgbò ń ké nínú bọ́ọ̀tù, gbogbo wọn ló sì ń kánjú. Ẹni tí kò yẹ táyà wò láti ọdún tó kọjá á ní kí n tètè dá òun lóhùn, ìyàwó òun ti ń pè. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń rí ohun tó ń pa èèyàn lójú títì ní ọ̀sẹ̀ ọdún, kó tó pa wọ́n.

Ibi tí táyà náà ti wá ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà. Òkè òkun ni tuntun ti ń wá báyìí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí onímáíkírà tó ń ná Ìlaró sí Pápálántò lè fẹ̀rín san. Ló bá ku tòkunbọ̀. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ka táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré mọ́ ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ìtòsí Ìdí-Ìrókò mọ̀ pé ọ̀nà igbó pọ̀ ju ọ̀nà ìjọba lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín: wọ́n ń tà á, àwa náà sì ń bá yín dè é.

Ẹni tó ń tà á á ti fi póólíìṣì dúdú kùn ún, á máa dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Ẹ má wo dídán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún: 2316 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ẹ rí, wọ́n ti ṣe táyà yẹn ṣáájú ọdún 2000. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń fi táyà ṣe àga. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti sán wẹ́wẹ́, rọ́bà ti gbó nìyẹn, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó. Àwọn kan tún máa ń fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sójú táyà tó ti jẹ. Nílùú Ọba, láti oṣù Kejì ọdún 2021, òfin ò gbà kí táyà tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá wà lẹ́sẹ̀ iwájú bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù mọ́. Èyí tí wọ́n bá yọ ńkọ́, níbo ló ń lọ? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló tún kù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

"Bàbá Táyà, ẹ má fẹ́ ẹ kún o. Oòrùn ń mú, kó má lọ bẹ́."

"Ó dáa, Alájì. Èèyàn mélòó lẹ fẹ́ kó?"

"Márùn-ún. Àti àgbò méjì."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa rù wọ́n ni, àbí táyà?"

Atẹ́gùn tí kò tó ló ń bẹ́ táyà. Bí táyà bá rọ̀, gbogbo ìgbà tó bá yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, ìgbóná yẹn ló sì ń ya rọ́bà kúrò lára wáyà. Ẹrù ń dá kún un, eré sísá ń dá kún un. Iye atẹ́gùn tó yẹ ọkọ̀ yín wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kò sí lẹ́nu èmi tàbí ẹnu Alájì. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nígbà tí táyà tutù. Èyí tó ti sáré máa ń ga lójú géèjì. Ẹ má torí ẹ̀ tú u.

Ọkọ̀ olówó náà kò yọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà abẹ́lé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ pé táyà ló bẹ́. Bó bá bẹ́ fún yín, ẹ má tẹ bíréèkì. Ẹ di sítíárìn mú gírígírí, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ẹ fi ń tẹná, kí ọkọ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó darí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà tiwa tún ní tirẹ̀. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn onífàyàwọ́ ń já bọ̀ láti apá Ọjà-Ọ̀dàn àti Ìmẹ̀kọ. Bí ọkọ̀ wọn bá ṣófo, ìdí rẹ̀ á ga sókè nítorí sípíríìn tí wọ́n fi kún un. Bó bá gbé ìrẹsì, ó lè má tan iná rárá. Ìrẹsì ọdún ni wọ́n ń sáré kó. Ẹ má bá wọn díje, ẹ má sì dínà mọ́ wọn bíi pé ẹ̀ ń ran ìjọba lọ́wọ́. Ẹ yà fún wọn. Èyí tó bá kó kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù, ẹ jìnnà sí i gan-an. Tèmi ni pé, ẹni tó bá lè dé Ìlaró kí ilẹ̀ tó ṣú, kó dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, lọ́dún 2009 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú yín dé akoto, àwọn kan lọ dé igbá. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ yín kò dé igbá pàápàá.

Bẹ́líìtì, ẹ dè é, èrò ẹ̀yìn náà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ṣọ́ọ̀bù mi máa ń ṣí láago méje. Ẹ wá nígbà tí ọdún bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kí àgbò tó wọ bọ́ọ̀tù. Kí ẹ sì gbé sípíà sọ̀kalẹ̀ kí n wò ó, torí òun gan-an ni kì í ní atẹ́gùn.